Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ àti ẹni tó mọ kóòdù kọ: ìdáhùn fún ilé iṣẹ́ kékeré tó ń wá dẹfẹ́lọ́pà

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìbàdàn ni mo wà. A ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe áàpù fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: owó oṣooṣù, ẹ̀yáwó, pínpín èrè lópin ọdún. Ẹni tó kọ áàpù náà fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ti lọ sí Kánádà. A pe àwọn tó ń wáṣẹ́, èmi, ọkọ mi àti akáǹtáǹtì wa sì jókòó láti fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ọmọkùnrin kan dáhùn gbogbo ohun tí a bi í bí ẹni ń ka ìwé, òun la gbà. Oṣù mẹ́ta rèé, kò tíì parí nǹkan kan tó ṣeé fi hàn. Èmi fúnra mi ò mọ kóòdù kọ. Àbúrò mi tó wà ní Manchester ní kí n máa fún wọn ní ìbéèrè LeetCode, ìkànnì tí àwọn dẹfẹ́lọ́pà ti ń fi ìbéèrè kóòdù dánra wò. Ọkọ mi ní ẹni tó bá ní first class nìkan ni ká máa pè. Kí ni kí n máa bi wọn kí n má baà tún ṣì mú?”

Ẹ kú wàhálà o, mà. Ohun tí ẹ máa bi wọn lẹ béèrè lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: báwo ni ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kan ṣe lè dá ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìntáfíù fún dẹfẹ́lọ́pà, nígbà míì èmi ni mò ń béèrè, nígbà míì èmi ni wọ́n ń bi. Ohun tí mo rí ni pé ìntáfíù tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹni tó lẹ́nu ló máa ń yàn. Kì í ṣe pé ìbéèrè yín kò dáa. Ìbéèrè nìkan lẹ béèrè ni, ẹ kò rí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fún un ní lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn ná, torí mi ò fẹ́ kí ẹ dá a lẹ́bi láìtíì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ ní ẹni tó kọ áàpù yín ti rékọjá sí òkè òkun. Ṣé ó kọ àlàyé sílẹ̀ kó tó lọ? Ṣé gbogbo páàsíwọ́ọ̀dù tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹni tó gba ipò rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àbí ó ṣì kù tó jẹ́ fóònù ẹni tó lọ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ń wọlé sí? Kóòdù tí ẹlòmíràn kọ, tí kò sí àlàyé lára rẹ̀, tí ẹni tó kọ ọ́ kò sì gbé fóònù mọ́, lè da ògbóǹtarìgì gan-an láàmú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré kan tí ẹ̀yin náà máa fojú rí, bíi kó fi nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ kún rìsíìtì. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, kó máa sọ fún yín lójoojúmọ́ ohun tó ṣe àti ohun tó dí i lọ́wọ́. Bí ìdíwọ́ ọjọ́ Ẹtì bá yàtọ̀ sí ti ọjọ́ Ajé, tó sì lè ṣàlàyé rẹ̀ títí tí yóò fi yé yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú kóòdù ẹlòmíràn ló ti ṣìnà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ṣeé ràn lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé àwíjàre kan náà ló ń tún wí láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, a jẹ́ pé ohun tí ẹ fura sí náà ni.

Ó wá ku ìdí tí ìdáhùn tó já gaara fi ń tan èèyàn jẹ. Àwọn ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń kó lọ síbi ìntáfíù, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣà wọ́n: kí ni ìyàtọ̀ láàárín GET àti POST, kí ni closure nínú JavaScript, kí ni object-oriented programming. Ibi tí ẹ ti rí ìbéèrè ni ẹni tó ń wáṣẹ́ ti rí ìdáhùn. Ẹni tó bá ti lọ sí ìntáfíù bíi mélòó kan ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Kò burú kéèyàn mọ ìtumọ̀ nǹkan, àmọ́ ìyẹn kò sọ fún yín bóyá ẹni náà lè jókòó ti ìṣòro tí kò rí irú rẹ̀ rí, kó tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yanjú. Bẹ́ẹ̀, òun ni iṣẹ́ dẹfẹ́lọ́pà látàárọ̀ dalẹ́.

Àwọn onímọ̀ tó ń wádìí bí wọ́n ṣe ń gbani síṣẹ́ ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1998, Frank Schmidt àti John Hunter ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí ọdún 85 jọ láti mọ ọ̀nà ìgbanisíṣẹ́ tó máa ń sọ òótọ́ nípa bí èèyàn yóò ṣe ṣiṣẹ́. Ní 2022, Paul Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe, ọ̀pọ̀ nọ́ńbà náà sì wálẹ̀. Èyí tó wá wà lókè pátápátá ni ìntáfíù tí wọ́n ti to ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, tí wọ́n bi gbogbo èèyàn ní ohun kan náà, tí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n kan náà fún wọn ní máàkì. Ó gba 0.42, níbi tí òdo ti túmọ̀ sí pé kò sọ nǹkan kan fún wa, tí 1 sì túmọ̀ sí pé kò ní àṣìṣe rárá. Ìntáfíù ẹ-jẹ́-ká-jókòó-ká-sọ̀rọ̀, irú èyí tí ẹ ṣe, gba 0.19. Iye ọdún tí èèyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́, tí gbogbo wa máa ń kọ gàdàgbà sínú ìkéde, kò ju 0.07 lọ. Iṣẹ́ oríṣiríṣi ni wọ́n wò, kì í ṣe ti dẹfẹ́lọ́pà nìkan. Ẹ sì tún rí i pé èyí tó dára jù lọ pàápàá kò dé ìdajì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun kì í ṣì mú, ẹ kàn rẹ́rìn-ín.

Ní ti LeetCode, àbúrò yín kò parọ́. Níbi tó wà, bí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńláńlá ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n sì ní ìdí. Ilé iṣẹ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń tò síwájú rẹ̀ ń wá asẹ́ tó máa tètè dín wọn kù. Bí asẹ́ náà bá gbọn ẹni rere mẹ́wàá dànù, kò dùn wọ́n, ogún mìíràn ṣì wà lẹ́yìn. Ẹ̀yin kò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí ẹni mẹ́wàá tó kúnjú òṣùwọ̀n bá kọ̀wé sí yín ní Ìbàdàn, ẹ dúpẹ́, ẹ kò sì lè fi ẹyọ kan ṣòfò nínú wọn. Ọ̀rọ̀ Max Howell ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Òun ló kọ Homebrew, irinṣẹ́ tí àwọn dẹfẹ́lọ́pà tó ń lo kọ̀ǹpútà Mac fi ń gbé sọ́fítíwíà sórí ẹ̀rọ wọn. Ní 2015 ó kọ ọ́ sórí Twitter pé Google kò gba òun torí pé òun kò lè yí binary tree (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to dátà bí ẹ̀ka igi) padà lójú pátákó, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí òun kọ ni àwọn ẹnjiníà wọn ń lò. Google yìí kan náà ti máa ń béèrè àlọ́ tẹ́lẹ̀, irú bíi bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù mélòó ló lè wọ inú bàálù. Ní 2013, Laszlo Bock tó jẹ́ ọ̀gá àgbà lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wọn sọ fún ìwé ìròyìn New York Times pé ìfàkókòṣòfò gbáà ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, pé ohun tó ń ṣe kò ju kó mú inú ẹni tó ń béèrè dùn pé òun gbọ́n.

Ohun kan tún wà tí ìbéèrè ojú pátákó ń dán wò láìjẹ́ pé a fẹ́ kó dán an wò: àyà jíjá. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní North Carolina State University pẹ̀lú Microsoft fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 48 ní ìbéèrè kan náà. Wọ́n ní kí àwọn kan yanjú rẹ̀ níwájú ẹni tó ń wò wọ́n, kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n ń rò jáde lẹ́nu. Wọ́n fi àwọn yòókù sínú yàrá láwọn nìkan. Àwọn tí ẹnìkan ń wò kò ṣe tó ìdajì ohun tí àwọn tó dá wà ṣe. Gbogbo obìnrin tó ṣe é níwájú ẹni tó ń wò wọ́n ló fìdí rẹmi, gbogbo èyí tó ṣe é ní yàrá òun nìkan ló yege. Wọn kò pọ̀, nítorí náà mi ò ní gbé ilé lé e lórí, àmọ́ ó bá ohun tí ojú mi ti rí mu. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọṣẹ́ ni ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n bí àgbàlagbà mẹ́ta bá jókòó tì wọ́n, kódà kí ìbéèrè má le. Ní ọ́fíìsì yín, kò sẹ́ni tó máa kọ kóòdù báyẹn. Kí ló dé tí a ó fi dán an wò?

First class wá ńkọ́? Ó dáa, mi ò ní bú u. Ó fi hàn pé ẹni náà lè tẹra mọ́ nǹkan, pé ó lè fara da ohun tí kò dùn. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọmọ tó ka kọ̀ǹpútà ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa bí wọ́n ṣe ṣe ìdánwò kóòdù: orí ìwé ni, pẹ̀lú báírò. Ẹni tó fi báírò kọ ètò tí kò rí i kó ṣiṣẹ́ rí lè gba A. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU ti yunifásítì pa fún oṣù mẹ́jọ, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá, àìmọye ọmọ ló sì jókòó sílé lásìkò yẹn tí wọ́n fi fóònù àti láptọ́ọ̀pù àyálò kọ́ ohun tí wọ́n ń jẹun lórí rẹ̀ lónìí. Èyí kò hàn lára ìwé ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó jáde ní pọ́lì, tí àwọn ilé iṣẹ́ kan kì í tilẹ̀ ṣí lẹ́tà wọn. Nígbà tí Andela, ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ dẹfẹ́lọ́pà nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014, ohun tí èèyàn lè kọ́ àti bó ṣe ń ronú ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà, àwọn tó sì gba ibẹ̀ kọjá ti di ọ̀gá ní ibi púpọ̀. Ẹ fi ti ọkọ yín ṣe ọ̀kan lára ohun tí ẹ máa wò, ẹ má fi ṣe ìlẹ̀kùn tí ẹ máa tì mọ́ àwọn yòókù.

Kí wá ni ṣíṣe? Bí ẹ bá fẹ́ gba télọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ò ní bi í léèrè ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ máa fún un ní àgbékọ́ aṣọ kan àti ìwọ̀n, ẹ ó sì wo bí ojú ìránṣọ ṣe rí. Ohun tí dẹfẹ́lọ́pà nílò náà nìyẹn: ẹ gé díẹ̀ lára iṣẹ́ yín gan-an fún un. Ibí yìí ni àìmọ kóòdù yín kò ti fi bẹ́ẹ̀ pa yín lára, torí ẹ̀yin lẹ mọ owó, ẹ̀yin lẹ mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ sọ fún wọn pé: ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 700, èrè ọdún jẹ́ ₦1,000,000, wọ́n sì fẹ́ pín in dọ́gba. Ẹ kọ ètò tó máa pín in, tó sì máa tẹ iye tó kan oníkálukú jáde. Ó rọrùn létí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pín in, ti oníkálukú á jẹ́ ₦1,428.571 àti bẹ́ẹ̀ lọ, kọ́bọ̀ kò sì ṣeé gé sí wẹ́wẹ́. Bí ètò bá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ₦1,428.57, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ ₦999,999, náírà kan ti sọnù. Bó bá sọ ọ́ di ₦1,428.58, ẹ ti pín ₦1,000,006, náírà mẹ́fà tí ẹ kò ní. Akáǹtáǹtì yín mọ irú ìjà tí náírà kan tí kò bá ara mu lè dá sílẹ̀ níbi ìpàdé ọdọọdún.

Ẹ wá wo ohun tí ẹni náà ṣe. Ẹni tí kò kíyè sí i rárá, tó ní iṣẹ́ ti parí, ó yẹ kó kọ yín lóminú. Ẹni tó kíyè sí i, tó wá dá a pín bó ṣe wù ú, ó sàn díẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹni tó dúró, tó bi yín pé, “Mà, kí ni òfin ẹgbẹ́ sọ nípa èyí tó bá ṣẹ́kù? Ṣé ó máa lọ sínú àpò ẹgbẹ́ ni, àbí a ó pín in fún àwọn kan ní kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan?” Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á dáàbò bo yín ní ọ̀nà tí ẹ kò lè fojú rí. Ẹ tún bi í bó ṣe tọ́jú owó nínú kóòdù. Nínú JavaScript, bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà fi 0.1 kún 0.2, ohun tó máa sọ ni 0.30000000000000004, nítorí pé ọ̀nà tó ń gbà tọ́jú ìdá nọ́ńbà kò lè mú 0.1 gẹ́lẹ́. Ẹni tó ti fọwọ́ kan iṣẹ́ owó rí á sọ fún yín pé òun ń tọ́jú gbogbo rẹ̀ ní kọ́bọ̀, ní nọ́ńbà odidi, kò ní sí ìdá. Bí Paystack, ilé iṣẹ́ ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì, náà ṣe ń gba iye owó nìyẹn: ẹni tó fẹ́ gba ₦500, 50000 ló máa fi ránṣẹ́.

Ìbéèrè kejì kò nílò láptọ́ọ̀pù rárá, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá kan ní Ọ̀jà Ọba fẹ́ san owó oṣù rẹ̀, ₦5,000. Ó tẹ bọ́tìnì, báǹkì yọ owó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, áàpù ní “kò ṣeé ṣe”. Ó tún un tẹ̀. Kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀? Gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó ní fóònù ló ti jìyà èyí rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ìyàtọ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ń tú u. Ẹnìkan á ní ká kàn pa bọ́tìnì náà mọ́ lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ á ní kí ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kó tó kúrò lórí fóònù, kó lè jẹ́ pé bí nọ́ńbà kan náà bá wọlé lẹ́ẹ̀méjì, ẹ̀ẹ̀kan la máa kà á. Á ní ká má ṣe gbà pé ó kùnà títí a ó fi béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìsanwó. Bóyá á tún bi yín léèrè bí ẹ ṣe ń dá owó padà fún ẹni tí wọ́n ti yọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lọ, kí ẹ máa fi “tó bá wá jẹ́ pé...” tì í síwájú. Ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ parí sí á hàn, ohun tó bá ṣe níbẹ̀ ló ṣe pàtàkì: ṣé ó ní “mi ò mọ̀, àmọ́ bí mo ṣe máa wádìí rẹ̀ nìyí”, àbí ó bẹ̀rẹ̀ sí í da gèésì bolẹ̀?

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é láwọn nìkan. Wákàtí méjì ti tó. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fún èèyàn ní iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà wọn á dákẹ́ lọ gbári. Ìwà yẹn kò dáa, ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí tó ń tọ́ ọmọ kò sì ní ráyè ṣe é, ẹ̀yin lẹ máa pàdánù rẹ̀. Ẹ fún wọn ní owó díẹ̀ fún àkókò wọn, ó kéré tán owó dátà àti owó ọkọ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbi tí wọ́n wà. Bí kò bá sí, kí wọ́n wá ṣe é ní ọ́fíìsì yín nígbà tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀, nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ti dúró sí wọn lẹ́yìn. Ẹni tí NEPA mú iná rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ kò yẹ kó pàdánù iṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Ẹ máa béèrè pé bó bá lọ fún ChatGPT ní ìbéèrè náà ńkọ́. Ó máa ṣe é, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Láti ìparí 2022 tí nǹkan yẹn ti dé, kóòdù tí èèyàn gbé wá láti ilé kò lè dá dúró mọ́ bí ẹ̀rí. Ojú tèmi ni pé kí ẹ gbà á láyè, torí bí ẹ bá gbà á síṣẹ́ tán, ó máa lò ó náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti fi ránṣẹ́, ẹ pè é wá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó ṣí i síwájú yín, kẹ́ ẹ sì yí nǹkan kan padà: ẹgbẹ́ ti pinnu pé ẹni tó jẹ gbèsè kò ní gba èrè títí yóò fi san. Kó ṣe é níbẹ̀. Ẹni tó mọ inú kóòdù náà á mọ ibi tí yóò ti fọwọ́ kàn án, bó tilẹ̀ ń wárìrì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa yí ojú ìwé sókè sódò. Èyí náà ló ń tú àṣírí àwọn tó gbé ẹlòmíràn wá ṣe iṣẹ́ fún wọn. Bí ẹ bá ń ṣe é lórí Zoom, ẹ ní kí wọ́n tan kámẹ́rà, kí ohùn àti ojú tó wá sí ìpàdé kejì jẹ́ ti ẹni ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wá wà tí ìwé àwọn òyìnbó kì í sọ, nítorí kì í ṣe ìṣòro wọn. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa nílẹ̀ wa kì í já àgbà níyàn. Bí ẹ bá sọ fún un pé, “Ṣebí bí a ṣe máa ṣe é nìyí?”, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà” ni yóò sọ, kódà bó bá rí i pé ẹ ń wọ kòtò lọ. Mo ti rí àwọn ọmọ tó mọ̀ dájú pé ètò tí ọ̀gá là kalẹ̀ máa wó, tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un títí tó fi wó. Nítorí náà ẹ gba ojú ọ̀nà fún wọn. Ẹ fi àwòrán áàpù yín hàn wọ́n, kí ẹ sọ pé ẹni mẹ́ta ti bá yín tọ́ka sí àléébù rẹ̀, kí òun náà tọ́ka sí ohun méjì tí kò dáa. Báyìí, bó bá dákẹ́ ni yóò dà bí àìgbọràn. Ẹ sì wo bó ṣe sọ ọ́: ẹni tó lè sọ pé “ẹ má bínú, mà, ibí yìí máa dà yín láàmú lọ́la” lẹ nílò, ju ẹni tó ń kúnlẹ̀ ní gbogbo ìgbà lọ.

Nígbà tí ìntáfíù bá parí, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ máàkì yín sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Bí ọkọ yín bá kọ́kọ́ sọ pé “ọmọ yìí gbọ́n”, mo mọ ohun tí akáǹtáǹtì máa sọ. Ohun mẹ́rin péré ni kí ẹ fún ní máàkì: ṣé iṣẹ́ náà ṣe ohun tí a ní kó ṣe, ṣé ó béèrè ìbéèrè tó yẹ, ṣé ó lè yí i padà lójú wa, ṣé àlàyé rẹ̀ yé ẹni tí kò mọ kóòdù. Gèésì dídán kò sí níbẹ̀, èmi ni mo fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ Yorùbá ló fi ṣàlàyé rẹ̀ tó yé yín, kí ló kù?

Ibi tí agbára yín kò dé wà. Ẹ kò lè mọ̀ bóyá kóòdù náà mọ́ tónítóní tàbí ó jẹ́ wúruwùru tó kàn ń ṣiṣẹ́ lónìí. Fún ìyẹn, ẹ wá dẹfẹ́lọ́pà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, kí ẹ sanwó wákàtí díẹ̀ fún un láti ka ohun tí wọ́n kọ. Ẹni tó wà ní Kánádà yẹn gan-an lè ṣe é bí ẹ kò bá jà kó tó lọ. Owó rẹ̀ kò lè tó owó oṣù mẹ́ta tí ẹ ti san.

Àwọn tí wọ́n fi ṣe onídùúró kò ní wúlò púpọ̀. Ẹni tí èèyàn fúnra rẹ̀ bẹ̀ kó jẹ́rìí òun kò ní sọ burúkú, pàápàá bó bá jẹ́ pásítọ̀ rẹ̀. Ẹ bi í ní orúkọ ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kí ẹ pè é lórí fóònù, torí ohun tí kò lè kọ sínú lẹ́tà lè gba ẹnu rẹ̀ bọ́. Kí ìbéèrè yín ṣe pàtó: kí ni ohun tó kẹ́yìn tí ẹ jọ parí, èwo nínú rẹ̀ ni òun ṣe? Bí a bá ní kí ẹ tún bá a ṣiṣẹ́ lọ́la, ṣé ẹ máa gbà? Ẹ tẹ́tí sí bó ṣe pẹ́ tó kó tó dáhùn.

Gbogbo èyí kò lè sọ fún yín bóyá ẹni náà máa dúró. Bí ilé iṣẹ́ òkè òkun kan bá fi dọ́là pe ẹni tó mọṣẹ́ láti inú yàrá rẹ̀ ní Bódìjà, ìntáfíù kò lè dá a dúró. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín ni kí ẹ kọ oṣù ìdánwò sínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, pẹ̀lú ohun tí ẹ retí kó ti parí ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, kí lọ́yà sì bá yín wò ó. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ó ti máa kọ àlàyé ohun tó ń ṣe sílẹ̀, kí gbogbo páàsíwọ́ọ̀dù sì wà lórúkọ ilé iṣẹ́, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ sì kọ iye owó oṣù sínú ìkéde yín. “Owó oṣù tó fani mọ́ra” kò túmọ̀ sí nǹkan kan fún ẹni tó ń ṣírò owó ilé. Bí ẹ bá kọ iye rẹ̀ síbẹ̀, àwọn tó máa kọ̀wé sí yín lè dín kù, àmọ́ ẹ kò ní lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ẹni tó máa ṣẹ́rí padà nígbà tó bá gbọ́ ọ.